Kì í ṣe gíga nìkan o! Ohun tí Ọlájùwọ́n fi gbafe lọ́wọ́ New York

Bí ẹ bá yà sílé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Móníyà lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó gbá a wọlé ni gbogbo wọn ń kígbe orúkọ ẹ̀. Ẹni tó ń di ẹ̀yìn mú, àfi lọ́jọ́ tó bá ṣàṣìṣe ni wọ́n tó ń rántí ẹ̀, èébú sì ni. Bí wọ́n bá wá rí ọmọ tó ga ládùúgbò, wọ́n á ní: "Ìwọ, lọ máa ju básíkẹ́ẹ̀tì jàre, kó o di Ọlájùwọ́n!" Wọn ò bèèrè ohun tó sọ Ọlájùwọ́n di Ọlájùwọ́n.

Èkó ni wọ́n bí Hakeem Ọlájùwọ́n sí lọ́dún 1963, sìmẹ́ńtì làwọn òbí ẹ̀ ń tà. Gólì ló ń ṣọ́ kó tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sì ti ṣọ́ gólì rí mọ wàhálà ibẹ̀: ṣé kéèyàn dúró sójú ilé ni, àbí kó jáde lọ pàdé ẹni tó ń bọ̀?

Ìbéèrè yìí ló dojú kọ ọ́ ní 19 oṣù kẹfà, 1994, ní Houston. New York ti nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn náà ti nà New York lẹ́ẹ̀mejì. Houston ní 86, New York ní 84, ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ John Starks, tó ti ju 27 wọlé lọ́jọ́ náà. Patrick Ewing wá dúró bí ògiri, ó di ẹni tó ń lé Starks lọ́nà. Ewing yìí sì ni Ọlájùwọ́n ń ṣọ́ o! Bó bá dúró tì í, Starks á ju alámì mẹ́ta, ife lọ nìyẹn. Ló bá fi Ewing sílẹ̀, ó fò síta, ìka ẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Kò dé àwọ̀n.

Ìka làwọn èèyàn rí, wọn ò rí iṣẹ́ kóòṣì. Nígbà yẹn, òfin NBA ò gbà kí wọ́n máa ṣọ́ àyè, ẹnìkan ní láti mú ẹnìkan ni. Bí wọ́n bá wá di ẹnìkan lọ́nà, ta ni yóò jáde? Ta ni yóò bo ẹ̀yìn ẹni tó jáde? Kò sáyè ìpàdé níbẹ̀ mọ́. Nídìí ìdánrawò lẹgbẹ́ ti ń parí ìyẹn, iṣẹ́ Rudy Tomjanovich sì nìyẹn ní Houston.

Níjọ́ keje, Starks ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejìdínlógún, méjì péré ló wọlé. Pat Riley, kóòṣì ẹ̀, ò yọ ọ́. Rolando Blackman jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi parí. Houston 90, New York 84. Starks ni wọ́n ń bú dòní, Riley ló yẹ kí wọ́n bi. Ọlájùwọ́n ní tiẹ̀ dá bọ́ọ̀lù 3,830 padà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó tíì bá a níbẹ̀ ní NBA.

Lọ́dún 2001 ni wọ́n tú òfin náà, àwọn kóòṣì sì rí ọ̀nà àrà. Masai Ujiri, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Zaria, lé Dwane Casey ní Toronto lọ́dún 2018, ọdún tí wọ́n fi Casey ṣe kóòṣì tó dáa jù. Àwọn èèyàn ní orí ẹ̀ ti dàrú. Nick Nurse ló gbé síbẹ̀. Nínú ìdíje àṣekágbá 2019, Nurse ní kí mẹ́rin dúró sígun mẹ́rin, kí ẹnìkan máa tẹ̀ lé Stephen Curry bí olówó èlé ṣe ń tẹ̀ lé onígbèsè. Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ìwé girama ni, wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín. Ó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí Golden State ò fi rí nǹkan kan jù wọlé. Andre Iguodala, ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀, ló padà ju èyí tó bà wọ́n lọ́jọ́ náà jẹ́, 109 sí 104. Ṣùgbọ́n ní 13 oṣù kẹfà, Toronto ló gbé ife lọ.