Òdòdó Mẹ́fà fún Mísì

Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí a bí mi sí, a kì í fi òdòdó kí aláìsàn. Ẹsẹ̀ ni a fi ń kí i. Bí ẹsẹ̀ kò bá sì lè débẹ̀, a ó di iṣu tàbí adìẹ ránṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2019 pé àìsàn ti dá Mísì wa dùbúlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

Mísì yìí wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ Peace Corps bẹ̀rẹ̀ sí í rán wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1961. Ọdún méjì ni ó fi kọ́ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A sì máa bá wa rìn dé ẹsẹ̀ òkè Olósùnta ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó ń padà sílé ní 1966, ìyá mi fi ẹyọ owó mẹ́fà tí a sín sórí okùn lé e lọ́wọ́, ó sì túmọ̀ àrokò náà fún un: ẹ̀fà ni, ọkàn wa fà sí i. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn tirẹ̀ náà, ẹ̀jọ ni ìdáhùn: ọkàn wa jọra.

Estes Park, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ni Mísì fi ṣe ibùgbé lọ́jọ́ ogbó. Ìlú kékeré ni láàárín àwọn òkè Rocky. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 6,000, ó sì ga ju 7,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọmọ mi tí ó wà ní Houston sọ pé òdòdó ni wọ́n fi ń kí aláìsàn níbẹ̀. Ó sanwó fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ó jìnnà sí Colorado. Wọ́n di rósì méjìlá sínú páálí. Ọjọ́ mẹ́rin ni páálí náà fi wà lọ́nà; awakọ̀ kò kan ilẹ̀kùn, inú yìnyín ni ó gbé e kalẹ̀ sí. Kí wọ́n tó rí i, rósì ti dúdú bí èédú. Mísì dúpẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó sọ òtítọ́ fún wa. Ojú tì mí. Àrokò tí ó kú sọ́nà, èébú ni.

Mo wá wádìí ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú òdòdó tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, láti Colombia àti Ecuador ni ó ti ń bá ọkọ̀ òfurufú wá. Bí ó bá dé ọwọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́, yóò gé ìdí rẹ̀ ní ìdagun, yóò sì jẹ́ kí ó mu omi kí ó tó tún jáde. Àwọn òǹtà òdòdó ti mọ èyí tipẹ́: ní ọdún 1910, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa fi wáyà rán ara wọn níṣẹ́. Wáyà ni ó ń rìnrìn-àjò. Òǹtà tí ó wà nítòsí ni ó ń gbé òdòdó lọ.

Mo fóònù obìnrin kan tí ó ń ta òdòdó nínú ìlú náà gan-an. Mo ní kí ó di mẹ́fà péré, kí ó má sì kọ nǹkan kan sí káàdì. Ó béèrè ìdí rẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó ní òun mọ ilé náà, ọkọ̀ kì í gun òkè ibẹ̀ bí yìnyín bá bọ́. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni: nígbà tí àgbàrá ba ọ̀nà ńlá méjèèjì tí ó wọ ibẹ̀ láti ìlà-oòrùn jẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ará ilé ni olùrànlọ́wọ́ tí ó wà nítòsí.

Obìnrin náà fi ọkọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó fi ìwé wé òdòdó náà, ó fi í sábẹ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ gun òkè. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, fóònù mi dún. Ohùn Mísì ti tín-ín-rín. Kò kí mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sọ: “Ẹ̀jọ.”

Ó kú ní ọjọ́ kẹsàn-án.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi mí bóyá àrokò ti kú. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò kú. Ẹni tí yóò gbé e dé ojú ilé ni kí a wá.