Àwọn Ilé Tó Wọ Aṣọ Ẹbí

Bí mo bá rìn létíkun Brighton, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, débi Sussex Square àti Lewes Crescent, ó máa ń yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe lè jọ ààfin kan ṣoṣo. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ilé méjì ń pín ògiri kan, òpó àti fèrèsé wọn bára mu. Aṣọ ẹbí ni wọ́n wọ̀.

Omi òkun ló fà á. Dókítà Richard Russell kọ̀wé ní 1750 pé omi òkun ń wo àìsàn; ọmọ ọba tó wá di George Kẹrin dé Brighton ní 1783, àwọn ọlọ́lá sì tẹ̀ lé e. Ìlú tí èèyàn rẹ̀ jẹ́ bíi 7,000 ní 1801 ti lé ní 40,000 ní 1831. Ní 1823, Thomas Read Kemp, aṣòfin tó jogún ilẹ̀ níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ àdúgbò yìí. Charles Busby àti Amon Henry Wilds ló ya àwòrán rẹ̀. Iwájú ilé àti ògiri lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn rà, oníkálukú sì parí inú tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Gbèsè lé Kemp jáde nílùú ní 1837; Paris ló kú sí ní 1844.

Ẹ gbẹ́ ọ̀pọ̀ ògiri àtijọ́ Brighton wò: àfọ́kù bíríkì, akọ òkúta àti òkúta wẹ́wẹ́ etíkun ni wọ́n pò mọ́ ẹfun sísun. Bungaroosh ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó gbà pé ìwà lẹwà lè sọ pé ẹ̀tàn ni: iwájú ń dán, inú jẹ́ pàǹtírí.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí omi bá pọ̀ jù lára bungaroosh, á yọ́. Bó bá gbẹ jù, á rún. Ẹfun tí wọ́n fi rẹ́ ojú ògiri ló ń lé òjò sẹ́yìn, tó sì ń jẹ́ kí ọ̀rinrin inú rọ́nà jáde. Àwọn tó fi sìmẹ́ǹtì rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n ní ó le jù, omi ni wọ́n há mọ́nú ògiri.

Òfin pàápàá ní kí àwọn onílé Brunswick Square, ní Hove tó kángun sí Brighton, máa kun iwájú ilé wọn ní àwọ̀ kan náà. Ẹni tó bá ka ojú ilé sí fáàrí lásán, kó béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tí òjò ń gba ògiri onílé kejì wọlé tọ̀.