Nígbà Tí A Mọ Oko Tí Òwú Wa Ti Wá

Àwọn ọmọ tó ń ránṣọ ní Ìkòtún àti Ìgàndó lónìí, bí mo bá bi wọ́n léèrè ibi tí aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ wọn ti wá, ọjà Balógun ni wọ́n ń dárúkọ. Bí mo bá ní níbo ni àwọn ará Balógun ti rí i, wọ́n á ní Ṣáínà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kì í parí síbẹ̀ láyé tiwa. Ilé iṣẹ́ aláṣọ kan lágbègbè Ìkẹjà ni mo ti lo ìgbà ọ̀dọ́ mi, ní yàrá tí wọ́n ti ń tú ìdì òwú kó tó wọ ẹnu ẹ̀rọ. Kò sí ìdì kan tó wọlé tọ̀ wá wá tí a kì í mọ ìlú tí wọ́n ti yọ kóró rẹ̀: Funtua, Gusau, Gombe. A mọ èyí tí òjò pa, a mọ èyí tí wọ́n ká kó tó gbó. Ìmọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí mo gbà pé òun ló kọ́kọ́ kú, kí àwọn ilé iṣẹ́ wa tó kú tẹ̀ lé e.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé tí òfì kì í dákẹ́. Ọkùnrin ló ń hun aṣọ òkè nílùú wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ìyá ni òwú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá bàbá mi a máa jókòó sẹ́yìnkùlé lẹ́yìn ìkórè, á tẹ́ òwú sórí òkúta pẹlẹbẹ, á fi ọ̀pá irin yí i títí kóró á fi ya kúrò lára rẹ̀. Á wá fi ọrun gbọ̀n ọ́n títí yóò fi fúyẹ́, kó tó ran án. Kóró kò ní í ṣègbé. Èyí tó dára á padà sóko lọ́dún tó ń bọ̀. Àárín iṣu àti àgbàdo ni wọ́n ń gbin òwú sí ní Òkè-Ògùn nígbà náà, n kò sì rí ẹni tó ń da oògùn kòkòrò sí i. Aláró mọ àgbẹ̀ tó gbìn ín, ahunṣọ mọ àwọn méjèèjì. Bí òwú bá ní ìdọ̀tí, ọjọ́ ọjà ni ìyá àgbà yóò sọ ọ́ lójú olóko, olóko á sì ṣàtúnṣe, torí ó mọ̀ pé ẹni tó ń bá òun rà lọ́dọọdún ló ń sọ̀rọ̀.

Àwọn Òyìnbó náà ti ń wá òwú wa tipẹ́. Láàárín 1850 sí 1860, Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, àti Henry Venn ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ń rọ àwọn ará Abẹ́òkúta pé kí wọ́n máa gbìn ín fún títà sókè òkun, kó lè rọ́pò òwò ẹrú. Nígbà tí ogun abẹ́lé jà ní Amẹ́ríkà láti 1861 sí 1865, tí òwú ọ̀hún kò ráyè jáde, owó òwú gbéra sókè. Ogun parí, owó wálẹ̀. Ní 1902 ni wọ́n dá British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní Manchester. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti 1901, ẹgbẹ́ náà sì gbé ẹ̀rọ ìyọkóró wá síbẹ̀. Síbẹ̀ òwú tí wọ́n rí kó nílẹ̀ Yorùbá kò tó bí wọ́n ti fẹ́. Àwọn ahunṣọ wa ń bá wọn du òwú náà, kòkó sì tún dé, ó ń mówó wálé jù ú lọ. Àgbẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó wo ibi tí owó gidi wà, ó sì gba ibẹ̀ lọ. Àwọn Òyìnbó wá kọjú sí Òkè Ọya, ibẹ̀ ni òwú fìdí kalẹ̀ sí títí di ìgbà tiwa.

Nígbà tí mo dé Èkó lẹ́yìn ogun abẹ́lé Nàìjíríà, oko àti igbó ló pọ̀ jù ní Ẹ̀gbẹ́dá. Owó ilé kò wọ́n níbẹ̀, kò sì wọ́n ní Ṣáṣá àti Ìdímù, ìdí nìyẹn tí àwa òṣìṣẹ́ aláṣọ fi kún gbogbo apá ibẹ̀. Ṣíífítì mẹ́ta là ń ṣe, àárọ̀, ọ̀sán àti òru. Bí ti òru bá jáde ní ìdájí, àwa la kún inú mólúè tó ń bọ̀ lọ́nà Ìpájà, òwú á ṣì wà nínú irun wa. Owó alájẹṣẹ́kù ni púpọ̀ nínú wa fi ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì. Àwọn ilé alájà kan tí ẹ ń rí ní Alímọ̀ṣọ́ títí dòní, owó òwú ló kọ́ wọn, àwọn tó ń gbé inú wọn kò sì mọ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n yẹ òwú wò. Ẹni tí kò bá ṣe é rí á rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Òwú tó dára, inú àpò tí wọ́n fi òwú hun ló yẹ kó wà láti oko wá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àpò ajílẹ̀ oníke ni àwọn àgbẹ̀ àti alágbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sí. Fọ́nrán ike á já bọ́ sínú òwú, ó tín-ín-rín, ó funfun, ojú kì í tètè rí i. Bó bá dé ẹnu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á gé e wẹ́wẹ́, á fọ́n ọn ká inú òwú tí wọ́n ń ran. Wọ́n á hun aṣọ náà tán, kò ní í hàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú aró ni àṣírí á tú. Ike yẹn kì í gba aró, nítorí náà ìlà funfun á yọ káàkiri ara aṣọ búlúù, odidi róòlù á di aṣọ ẹ̀dínwó. Torí ẹ̀ la ṣe ń dúró yí tábìlì ká, tọkùnrin tobìnrin, tí à ń fọwọ́ ṣa fọ́nrán ike lọ́kọ̀ọ̀kan. A ti rí òkúta nínú ìdì. A ti rí òwú tí wọ́n da omi sí kó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n.

Àwọn kan nínú wa a máa bú àgbẹ̀. Èmi kò bá wọn bú u. Nígbà tí Cotton Board ti ìjọba wà, wọ́n ń pín òwú sí ìpele, èyí tó mọ́ sì ń gba owó tó ju ti èyí tó dọ̀tí lọ. Ní 1986 ni ìjọba tú àwọn bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ká. Láti ìgbà náà, alágbàtà á dé oko, á san iye kan náà fún òwú mímọ́ àti òwú ẹlẹ́gbin. Ta ni yóò wá máa fi ọjọ́ gbọọrọ ṣa ewé kúrò lára òwú, nígbà tí kò sẹ́ni tó máa sanwó rẹ̀? Ẹni tó ń rà ló ń kọ́ àgbẹ̀ ní ohun tí yóò ṣe.

N kò sọ pé gbogbo nǹkan ló dára nígbà náà o. Eruku òwú wọ àyà àwọn ẹgbẹ́ mi kan, ikọ́ rẹ̀ kò sì fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ariwo ẹ̀rọ di etí wa. Ẹ̀yin ọmọ tó ń rò pé bàbá yín ń jágbe mọ́ yín, ẹ̀rọ ìhunṣọ ló ba etí rẹ̀ jẹ́. Omi ìdọ̀tí láti ilé iṣẹ́ agbègbè Ìkẹjà ń ṣàn lọ sínú Odò Ìyá Aláró lápá Òjótà, àwọ̀ odò náà á sì yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ kí aṣọ ṣíṣe padà wá sílé gbọ́dọ̀ rántí odò yẹn.

Ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn kò kú lọ́jọ́ kan. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé SAP ti 1986 gbé náírà ṣubú, apá kò ká ẹ̀yà ara ẹ̀rọ mọ́. Iná NEPA kò dúró, epo dúdú tí wọ́n fi ń dáná bọ́ílà sì ń wọ́n sí i. Aṣọ fàyàwọ́ ń gba Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò wọlé, àwọn kan tiẹ̀ ń tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ Nàìjíríà sí etí ànkárá tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà. Kaduna Textiles tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1957 kógbá sílé ní 2002. Nígbà tí ọdún 2005 wọlé, àdéhùn tó ń fi gbèdéke sí aṣọ títà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé parí, ọ̀nà sì ṣí gbayawu fún aṣọ Éṣíà. Ní 2007, United Nigerian Textiles náà tilẹ̀kùn ní Kàdúná. Nàìjíríà ti ní ilé iṣẹ́ aláṣọ tó lé ní 150 rí. Tiwa náà tì, owó ìfẹ̀yìntì àwọn ẹgbẹ́ mi kan kò sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ títí wọ́n fi wọ káà ilẹ̀.

Àwọn kan di awakọ̀, àwọn kan gba ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìkòtún. Àwọn mìíràn lọ sí Katangowa lọ́nà Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí wọ́n ti ń já ìdì òkìrìkà. Wọ́n fi tọ́mọ, n kò sì lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí dọ́kàn bí mo bá rí ẹni tó mọ òwú ran, tó ń pàtẹ aṣọ tí ẹlòmíràn wọ̀ sílẹ̀ lókè òkun.

Ohun tó mú mi ṣí ìwé àtijọ́ yìí ni ọmọbìnrin kan tó ní ilé ìránṣọ ní Ìgàndó. Ẹ̀wù ilé ìwé àti tíṣáàtì ló ń rán. Ó wá kí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Aṣọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo fẹ́ máa lò. Àwọn oníbàárà mi ní Lọ́ńdọ̀nù ń bèèrè ẹni tó gbin òwú rẹ̀.” Inú kò bí mi rárá. Ìbéèrè ìyá àgbà mi ni wọ́n ń bi í yẹn.

Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Yorùbá ni àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀, wọ́n sì ń gbin òwú ní ìhà Ṣábẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá òkè, ní Banikoara àti Kandi, ló ti pọ̀ jù. Lákòókò 2021 sí 2022, òwú tí wọ́n ká lé ní 700,000 tọ́ọ̀nù. Ìwọ̀nba orílẹ̀-èdè ló ń bá wọn du ipò kìíní ní Áfíríkà. Ojú wọn rí màbo kí wọ́n tó débẹ̀. Ní nǹkan bí 1999 sí 2000, oògùn kòkòrò kan tó ń jẹ́ endosulfan pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní agbègbè Borgou. Ní 2003, Bẹ̀nẹ̀, Burkina Faso, Mali àti Chad jọ dìde ní ìpàdé àjọ òwò àgbáyé ní Cancún, wọ́n ní owó ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà ń fún àgbẹ̀ òwú tirẹ̀ ló ń pa àgbẹ̀ àwọn. Ní 2005, Michael Otto, oníṣòwò ará Hamburg ní Jámánì, dá ètò Cotton made in Africa sílẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Omi òjò ni òwú abẹ́ ètò yìí ń mu, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a, wọ́n fòfin de àwọn oògùn olóró kan, èèyàn sì lè tọ ipa rẹ̀ láti ilé ìyọkóró.

Ọdún gbọọrọ ni òwú Bẹ̀nẹ̀ fi ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Bangladesh àti ibòmíràn láìtíì ran án. Ìyẹn ni wọ́n ń yí padà ní àgbègbè ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé, tó tó kìlómítà 45 sí Kùtọnù. Ìjọba wọn àti ilé iṣẹ́ Arise ló jọ dá ibẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó 1,640 hẹ́kítà. Wọ́n ń ran òwú níbẹ̀, wọ́n ń hun ún, wọ́n ń pa á láró, wọ́n ń rán an. Láti bí 2023, aṣọ ibẹ̀ ti ń lọ sí Amẹ́ríkà àti sọ́dọ̀ Kiabi, ilé ìtajà aṣọ ti ilẹ̀ Faransé. Ọ̀nà Kùtọnù kan náà tí aṣọ òkèèrè gbà wọlé tó fi pa wá ni aṣọ tí wọ́n ṣe látinú òwú ẹ̀gbẹ́ ilé wa lè gbà dé Ìgàndó.

Mo ní, “Ọmọ mi, jókòó. Má kàn ka àmì ọrùn aṣọ.” Mo rán an létí Rana Plaza ní Bangladesh, ilé tó wó ní ọjọ́ 24 oṣù Igbe 2013 tó pa 1,134 èèyàn. Àmì ọrùn aṣọ tí wọ́n ń rán níbẹ̀ kò sọ fún ẹni tó rà á pé ògiri ilé náà ti là. Mo ní kí ó bi àwọn tó fẹ́ ta aṣọ fún un ní Bẹ̀nẹ̀ irú àpò tí wọ́n fi kó òwú kúrò lóko. Kí ó bi wọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe sí omi aró, bí wọ́n bá sì ní àwọn ń sẹ́ ẹ, kí wọ́n mú un débẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Kí ó bèèrè iye tí ọmọ tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ń gbà lóṣù, bí wọ́n bá tiẹ̀ fi ojú burúkú wò ó. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má bá onífàyàwọ́ rìn. ECOWAS ti fàyè sílẹ̀ kí ọjà tí a ṣe nínú àwọn orílẹ̀-èdè wa kọjá láìsan owó ibodè, bí ìwé rẹ̀ bá pé. Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni pé kí ó máa padà lọ. Ẹni tó rà lẹ́ẹ̀kan, tó sá tọ ẹlòmíràn lọ nítorí owó táṣẹ́rẹ́, kò lẹ́nu láti sọ fún àgbẹ̀ pé kó lo àpò tó dáa.

Ó wò mí, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ ò wá fẹ́ kí n ra ti Nàìjíríà ni?” Mo fẹ́ ẹ ju bó ti rò lọ. Bí àgbẹ̀ Funtua bá rí ẹni san owó òwú mímọ́ fún un, tí ẹ̀rọ Ìkẹjà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ran án, mo máa gbé ọ̀pá mi lọ síbẹ̀. Àmọ́ ọmọ yìí ní aṣọ láti rán lóṣù yìí, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè lọ́wọ́ ará Bẹ̀nẹ̀ á mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè lọ́wọ́ ará Funtua lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá là.

Ìṣòro rẹ̀ báyìí ni pé ilé iṣẹ́ ńlá kì í fẹ́ ta aṣọ díẹ̀. Ó ti kó àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti Ìkòtún, Ìdímù àti Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n ti ń dá àjọ kí wọ́n lè jọ ra ẹrù kan pọ̀. Ọmọ àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ wà lára wọn. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń fa òwú láàárín ìka méjì láti mọ bí fọ́nrán rẹ̀ ti gùn tó, àti bí wọ́n ṣe ń gbé aṣọ síwájú iná láti rí ike inú rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé la ń ṣe é, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ oníbàárà.