Fún Owó Náà ní Orúkọ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè tàbí jìbìtì ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní jalè láé. Ọ̀rọ̀ owó kékeré àti oore kékeré ni, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwa àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni èmi tí mò ń wàásù fún yín yìí ti ṣubú rí, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ní 1994, kí n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, tíṣà ni mí ní agbègbè Ògùn Waterside. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé wa. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. A ó kọ́kọ́ wọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, kí a tó tún wá ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà omi. Nítorí náà, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mò ń wálé.

Àwa olùkọ́ mẹ́wàá ń dá èésú. Náírà 200 ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ń mú wá lóṣù, ẹni tó bá kàn a sì kó 2,000. Owó gidi ni nígbà náà, nítorí náírà 50 ni owó bébà tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ wa. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kó o jọ. Wọ́n ní, "Pásítọ̀ ni, kò lè kó wa lówó jẹ," nítorí pé èmi ni mò ń darí àdúrà àárọ̀ ní iléèwé.

Ohun àtijọ́ ni èésú láàárín wa. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé àṣà tó wà káàkiri ni, àti pé ó ń jẹ́ kí tálákà rí odindi owó fi ṣe ohun tó nítumọ̀. Nínú èésú tiwa, kò sí ìwé àdéhùn, kò sí lọ́yà. Ohun kan ṣoṣo ló gbé e ró: kí owó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó wà.

Ní oṣù tí mò ń sọ yìí, Màmá kan tó jù wá lọ lọ́jọ́ orí ló kàn. Ọmọ rẹ̀ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ní yunifásítì ìpínlẹ̀ wa tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, tó sì ń jẹ́ Olabisi Onabanjo University láti 2001. Owó iléèwé ọmọ náà ni Màmá fẹ́ san. Ó ku ọjọ́ méjì kó gba èésú rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ bíi tèmi, sáré wọlé tọ̀ mí wá lálẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n sì ní àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ. Owó tó kù tí kò rí jẹ́ náírà 1,200.

"Ẹ gbà mí, Bọ̀dá," ló wí. Mo wo ojú rẹ̀, mo ṣí àpótí, mo ka owó náà fún un. Ó ní, "Ọlọ́run yóò san án fún yín." Mo dá a lóhùn pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ owó ló wà láàárín èmi àti ìwọ ni?" Ilẹ̀ mọ́, ó bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì kà. Kò sí ẹni tó pè é ní àyálò. Kò sí ẹni tó pè é ní ẹ̀bùn. Èmi náà kò sì sọ fún un pé owó náà kì í ṣe tèmi.

Mo rò pé owó oṣù yóò dé kí ọjọ́ méjì tó pé. Owó oṣù kò dé, Màmá ló dé. Mo ka 800 tó kù fún un, mo ní, "Àwọn kan ò tíì mú tiwọn wá, Mà." Irọ́ ni. Ó gbà á, kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ ìsanwó kọjá lórí ọmọ rẹ̀, ó sì di ẹni tó ń san owó ìtanràn. Èyí tó tún burú jù ni pé àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú: ta ni kò san? Àwọn tí wọ́n mọ̀ pé kò ní lọ́wọ́ láàárín wa ni wọ́n ń fura sí. Mò ń gbọ́ ọ, mo dákẹ́, mo sì ń darí àdúrà àárọ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi padà dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyá yè, ọmọ yè. Mo fún un ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu yà á. Ó ní, "Bọ̀dá, mo mà ti jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Mo ní Olúwa lò yín láti ta wá lọ́rẹ." Kò purọ́. Mo ti dákẹ́, òun sì ka ìdákẹ́ mi sí ẹ̀bùn.

Mo ta rédíò mi. Bàbá mi fi owó obì kún un. Mo gbé 1,200 lọ bá Màmá, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó fọhùn. "Ọmọ mi," ó ní, "ká ní o sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, èmi fúnra mi ì bá ní kí o mú nínú ẹ̀ fún un. Oore tó yẹ kí n ṣe ni o gbà mọ́ mi lọ́wọ́, owó mi lo sì fi ṣe é." Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún gbogbo olùkọ́, mo sì gbé ìwé èésú fún ẹlòmíràn.

Ohun tí Ábúráhámù kọ̀

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, a ka Jẹ́nẹ́sísì orí 23. Sárà kú, Ábúráhámù sì ń wá ibi tí yóò sin ín sí. Éfúrónì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé òun fi ilẹ̀ náà àti ihò inú rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Ábúráhámù kọ̀, ó ní iye rẹ̀ ni òun fẹ́ san. Éfúrónì wá dá a lóhùn pé ilẹ̀ tó tó 400 ṣékélì fàdákà, kí ni ìyẹn láàárín àwọn méjèèjì? Nígbà tí mo ka ibẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lálẹ́ ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ti Éfúrónì. Ṣùgbọ́n Ábúráhámù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn bo owó mọ́lẹ̀. Ó wọn 400 náà lójú àwọn ẹlẹ́rìí, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé rírà ni, kì í ṣe ọrẹ.

Ẹja, ìwé àárọ̀ àti onígbọ̀wọ́

Ẹ̀yin ará mi, orúkọ tí a kò fún owó àti oore ló ń dá wàhálà sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Bí òbí kan bá gbé ẹja gbígbẹ wá fún tíṣà lẹ́yìn tí ọmọ ti jáde iléèwé, ọpẹ́ ni. Bí ẹja kan náà bá dé ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sórí iná. Ẹ má sì sọ pé àṣà wa ni. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìwà ìbàjẹ́ ní 2000, èyí tó dá àjọ ICPC sílẹ̀, kò gba ẹni tó jẹ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láyè láti fi àṣà gbèjà ara rẹ̀.

Bákan náà ni ìwé tí a ń fọwọ́ sí láàárọ̀. Mo ti bá ẹni tí kò tíì kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó fọwọ́ sí i rí, òun náà sì ti ṣe é fún mi. A ń pè é ní ìfẹ́ ará. Ṣùgbọ́n àkókò àwọn ọmọ tó jókòó sí kíláàsì láìní olùkọ́ ni a fi ń ṣe ara wa lóore.

Ní ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ rántí pé ẹni tó fọwọ́ sí ìwé onígbọ̀wọ́ ti ṣèlérí pé òun yóò san bí ẹni tó yáwó kò bá san. Òwe orí 6, ẹsẹ 1 sí 5, kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè san án, ẹ má fọwọ́ sí i nítorí ojú. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe é, ẹ ṣe é bíi Pọ́ọ̀lù, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fún Fílémónì pé òun yóò san gbèsè Ónẹ́símù (Fílémónì 18 àti 19). Lóde òní, àwọn kan ń yáwó lórí fóònù, àwọn ayánilówó kan a sì máa fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbi iṣẹ́, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ní 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà gbé ìlànà kalẹ̀ fún irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún wọn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ìbéèrè mẹ́ta

Kí ẹ tó na ọwọ́ oore, ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta. Ta ló ni ohun tí mo fẹ́ fún un yìí? Kí ni orúkọ rẹ̀: ẹ̀bùn, àyálò, owó iṣẹ́, tàbí àbẹ̀tẹ́lẹ̀? Ṣé mo lè pe orúkọ yẹn lójú ẹni tó ni ín? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo àpótí tí owó ti jáde kí ẹ tó fún un ní orúkọ. Kò burú láti sọ pé, "Àyálò ni o, ìparí oṣù ni kí o dá a padà." Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni, ó sì sàn ju ìjà ọdún mẹ́wàá lọ.

Mo padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi. Mo sọ fún un pé, "Owó èésú ni, àyálò sì ni. Èmi ni mo jẹ̀bi tí n kò sọ." Àwọn àgbà ní ẹni tó jẹ ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Ọ̀rẹ́ mi kò bẹ́gi dínà. Ó san 200 lóṣù fún oṣù mẹ́fà, láìyẹ̀. Lọ́jọ́ tó san èyí tó kẹ́yìn, mo yọ náírà 50 kan nínú rẹ̀, mo fi lé ọwọ́ ọmọ náà. Mo ní, "Ẹ̀bùn lèyí. Owó mi ni, mi ò sì ní béèrè rẹ̀ láé." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, a ṣì ń bá ọ̀rẹ́ wa lọ.

Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tó lawọ́ àti ẹnu tó ń sọ òtítọ́. Àmín.