Ìkòkò Màmá Mi

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìdí ìkòkò màmá mi ni mo ti kọ́ ìtumọ̀ òwe yìí.

Mo wà ní ìwé kẹta lọ́dún 2017 nígbà tí ètò oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n gbà láti máa dáná, màmá mi sì wà lára wọn. Náírà 70 ni owó oúnjẹ ọmọ kan lójúmọ́. Lọ́jọ́ kan a ó jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà, lọ́jọ́ mìíràn ẹyin yóò wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ tó máa ń pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ lọ́jọ́ ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, mo yege, mo bọ́ sí ìwé kẹrin. Ibẹ̀ ni oúnjẹ mi ti tán, nítorí ìwé kìíní sí ìkẹta nìkan ni ètò náà wà fún. Èmi ni mo ṣì ń bá màmá mi ṣa ẹ̀wà ní ìdájí, èmi ni mo ń fọ abọ́. Ṣùgbọ́n bí agogo oúnjẹ bá ti dún, Káyọ̀dé àbúrò mi, tó wà ní ìwé kejì, á lọ tò, èmi á jókòó sí kíláàsì, òórùn ọbẹ̀ á máa ta sánsán wọlé bá mi.

Lọ́jọ́ kan, ara mi ò gbà á mọ́. Mo gbé abọ́, mo tò sẹ́yìn àwọn ọmọ kéékèèké. Nígbà tó kàn mí, màmá mi wò mí lójú, wọ́n sì bu oúnjẹ fún ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. Ojú tì mí gan-an. Mo sunkún délé.

Lálẹ́, wọ́n pè mí sídìí àdògán. Wọ́n ní, "Àdùkẹ́, iye orí tí wọ́n kà fún mi ni mo ń sè fún. Bí mo bá bu tìrẹ, ọmọ ta ni kí n lé padà? Àwìn ni mo fi ra ẹ̀wà ọ̀sẹ̀ yìí, owó ò tíì dé. Èmi pàápàá ò tọ́ ọ wò ju iyọ̀ lọ." N kò lè fèsì.

Lọ́jọ́ kejì, Káyọ̀dé yọ ìlàjì ẹyin tó fi bébà ìwé rẹ̀ wé fún mi. Màmá mi rí i. Wọ́n kọjú sí ibòmíràn.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, n kò sì bínú sí màmá mi mọ́. Olóòótọ́ ni wọ́n. Àmọ́ mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń ṣètò irú ìrànwọ́ yìí: ìdánwò ló gbé mi kúrò ní ìwé kẹta, ebi kò bá mi ṣe ìdánwò náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ náà bá àwọn ọmọ dé ìwé kẹfà, kí owó àwọn tó ń sè é sì máa tètè dé.