Ilẹ̀ Tó Dákẹ́ Ló Yẹ Ká Tẹ́tí Sí

Nígbà èwe wa ní Òtu, ní Òkè-Ògùn, ta ló ń bẹ̀rù pé ilẹ̀ á mì? Orí òkúta ni Òkè-Ògùn wà. Agbẹ́kànga mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó ti ṣòwò dé Gold Coast nìkan ló ń ròyìn ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1939, tí ilẹ̀ Accra mì, tí ilé sì wó pa ènìyàn.

Mo ti di olùkọ́ nígbà tí mo ka ìròyìn àwọn onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ní Garm, ní Tajikistan. Nígbà tí ilẹ̀ bá mì, ìgbì méjì ló ń gba inú òkúta kọjá. Èyí tó ń tì síwá-sẹ́yìn ló máa ń ṣáájú. Eré rẹ̀ tó ìlọ́po 1.7 ti èkejì, tó ń mì sọ́tùn-ún sósì. Àwọn onímọ̀ Garm ní ìlọ́po yìí máa ń dínkù kí ilẹ̀ tó mì, á tún padà sípò, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á wá mì. Wọ́n ní òkúta ló ń sán wẹ́wẹ́ nínú, bí ìkòkò tí olùrajà fi ìka kàn, tí dídún rẹ̀ tú u fó. Inú mi dùn gan-an. Mo rò pé a ti rí ọ̀nà àtigba ẹ̀mí là.

Ọ̀nà náà kò gùn. Ní California, wọ́n fi ìró ibi ìfọ́kúta yẹ eré ìgbì wò, wọn kò rí ìyípadà kankan. Ní 1976, Tangshan ní Ṣáínà mì láìsí ìkìlọ̀. Òkú lé ní 240,000. Ní Parkfield, ní California náà, níbi tí wọ́n ti to ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí ilẹ̀ ti là, ilẹ̀ mì ní 2004, àmì tó dájú kò ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, ní 2008, àwọn tó ri ẹ̀rọ sínú kànga jíjìn níbẹ̀ ròyìn pé eré ìgbì yí padà ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú ìmìtìtì kékeré méjì. Ìrètí kò tíì pin.

Tiwa náà ti dé. Ọjọ́ 28 oṣù Keje 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn. Ní 2016, ó kan Ṣakí, ní Òkè-Ògùn wa níbí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tí kò mọ eré ìgbì lọ́jọ́ àlàáfíà kò lè mọ ọjọ́ tó yí padà. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀. Kí ìjọba gbé òmíràn sí Ṣakí àti Òtu nísinsìnyí tí ilẹ̀ dákẹ́, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa kà á lójoojúmọ́.