Ṣé Ó Dá Yín Lójú, Ústáàsì?

  

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe kan tí mo ṣe fún yín, bóyá ẹlòmíràn á tibẹ̀ kọ́gbọ́n. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì tí mo ń kọ́ lópin ọ̀sẹ̀ ní Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀ níbí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ní Sátidé kan, bí a ṣe ń ka ẹ̀kọ́ lórí òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ìgbàgbọ́ dúró lé, ó nawọ́ sókè, ó ní: “Ústáàsì, ṣé ó dá yín lójú? Ìyá ìyá mi kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ó dá àwọn náà lójú. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni mo ti dàgbà, ṣé kì í ṣe ohun tó dá wọn lójú ni ì bá dá èmi náà lójú?”

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Mo ní: “Astaghfirullāh! Ta ló ń kọ́ ẹ nírú ọ̀rọ̀ báyìí? Jókòó jẹ́jẹ́.” Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, kò wá.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ìbéèrè náà kì í ṣe àjèjì sí mi. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, lọ́dún tí bàbá mi kú, òun ni kì í jẹ́ kí n sùn lóru. Mo ti jáde ní ilé-kéú nígbà náà. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè to àwọn ẹ̀rí pé Ọlọ́hun wà lọ́kọ̀ọ̀kan fún yín. Síbẹ̀, bí mo bá dúró lórí ìrun Ìṣáì, ọkàn mi á máa sọ pé: “Bàbá ẹ dà báyìí? Ṣé ó dá ẹ lójú pé ẹnì kan ń gbọ́ ohun tí ò ń kà yìí?” Èmi yìí sì ni wọ́n máa ń tì síwájú láti ṣe imáámù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé mo ti di kèfèrí ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ wá la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé, ẹ̀rù ara mi ló bà mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa á lẹ́nu mọ́.

Lẹ́yìn Sátidé kejì, mo padà sídìí ìwé kan tí mo kà nígbà náà, al-Munqidh min ad-Dalāl, tí Imām Al-Ghazali kọ nípa ìrìn-àjò ọkàn ara rẹ̀. Ìlú Tūs ní ilẹ̀ Páṣíà ni wọ́n ti bí i ní 1058. Ẹni tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Hujjatul-Islām, ẹ̀rí ẹ̀sìn Islām, ni. Ó sọ níbẹ̀ pé òun ṣàkíyèsí pé ọmọ onígbàgbọ́ a máa dàgbà sínú ẹ̀sìn Kristi, ọmọ Júù sínú ti Júù, ọmọ Mùsùlùmí sínú Islām. Ó wá ń wá ohun tó máa ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ènìyàn bí wọ́n bá yọ gbogbo ohun tó kàn gbọ́ lẹ́nu òbí àti olùkọ́ kúrò. Ìwákiri náà le débi pé kò gbára lé ojú ara rẹ̀ mọ́. Fún nǹkan bí oṣù méjì ló fi wà bẹ́ẹ̀, kò sì fẹnu sọ ọ́ síta. Ó ní kì í ṣe àtòpọ̀ ẹ̀rí ló yọ òun, bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́hun jù sínú àyà òun. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, ní 1095, nígbà tó ń kọ́ni ní Nizāmiyyah ní Baghdad, ahọ́n rẹ̀ kọ̀ láti kọ́ni mọ́, ó fi iṣẹ́ ńlá náà sílẹ̀, ó lọ tún ọkàn rẹ̀ ṣe.

Ẹ gbọ́ ná. Ìbéèrè tí mo ní kí ọmọdé gbé mì, òun ni Hujjatul-Islām fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀! Al-Qur’ān pàápàá, nínú Sūratul-Baqarah, āyah 170, bá àwọn tó ní ohun táwọn bá lọ́wọ́ baba àwọn nìkan làwọn máa tẹ̀ lé wí. A máa ń ka āyah yẹn fún ẹlòmíràn. Ó kan àwa náà.

Ẹ tún wo àwọn sàábé. Ó wà nínú Sahīh Muslim pé àwọn kan nínú wọn wá bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé àwọn ń rí ohun kan nínú ọkàn àwọn tó burú ju kí àwọn fẹnu sọ ọ́ lọ. Kò lé wọn, kò sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó sọ fún wọn pé ìgbàgbọ́ tó dájú nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ìkórìíra tí wọ́n kórìíra èrò náà ni àmì ìgbàgbọ́ wọn, nítorí olè kì í fọ́ ilé tó ṣófo. Ànábì Ibrahim náà ní kí Ọlọ́hun fi bí Ó ṣe ń jí òkú han òun. Kì í ṣe pé kò gbàgbọ́. Ó fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ ni. Ọlọ́hun kò bínú sí i. Ó dá a lóhùn pẹ̀lú ẹyẹ mẹ́rin.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kó nǹkan mẹ́ta pọ̀. Èkíní ni ròyíròyí, èrò tó ń wọlé láìjẹ́ pé a pè é. Ẹ wá ìṣọ́ra lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí ẹ má sì bá a jókòó. Bí ẹ bá dá yín lójú pé ẹ ṣe àlùwàlá, tí ẹ wá ń ṣiyèméjì pé bóyá ó ti bàjẹ́, ẹ̀sìn ní kí ẹ di èyí tó dá yín lójú mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe nínú ìgbàgbọ́. Èkejì ni ìbéèrè. Ìbéèrè ń fẹ́ ìdáhùn, kì í ṣe èébú. Ẹ̀kẹta ni iyèméjì tí ènìyàn fàyè gbà, tó gbé jókòó, tí kò wádìí, tó kàn fi ń sá fún ìrun àti àwẹ̀. Èyí ni Sūratul-Hujurāt, āyah 15, yọ kúrò lára onígbàgbọ́ òdodo.

Àmọ́, ǹjẹ́ àmọ̀dájú pátápátá ṣeé ní? Àwọn onímọ̀ rí ìpele mẹ́ta nínú Al-Qur’ān: ʿilmul-yaqīn, kí a mọ̀ dájú, ʿaynul-yaqīn, kí a fojú rí i, haqqul-yaqīn, kí a wà nínú rẹ̀ gan-an. Ládùúgbò wa, bó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá alákàrà á gbé epo kaná. Ẹ óò ti máa gbọ́ òórùn rẹ̀ láti inú kíláàsì. Ẹ mọ̀ pé àkàrà ń bẹ níta, ẹ kò méfò. Bí ẹ bá jáde, ẹ óò rí i nínú epo. Bí ẹ bá jẹ ẹ́, tó jó yín lẹ́nu, ó ti kúrò ní ohun tí a ń bá yín sọ. Ní ti ọ̀run, inú kíláàsì ni a ṣì wà. Sūratut-Takāthur sọ pé ìfojúrí ń bọ̀ níwájú. Ìparí Sūratul-Hijr sì pa á láṣẹ pé kí a máa jọ́sìn fún Olúwa wa títí yaqīn yóò fi dé bá wa. Àwọn olùtúmọ̀ Al-Qur’ān ní ikú ni yaqīn ibẹ̀ yẹn.

Ikú ni Ọlọ́hun pè ní àmọ̀dájú! Ẹni tó bá ní òun kò ní forí kanlẹ̀ àfi bí òun bá rí gbogbo rẹ̀, ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ikú ló ń béèrè. Ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ti rí gbogbo rẹ̀ tán, kò tíì jẹ àkàrà tó ń ròyìn.

Èmi àti ìyàwó mi lọ sílé ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ní: “Ústáàsì, ọmọ yìí ní ẹ pe òun ní kèfèrí.” N kò pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí mo jẹ́ kí wọ́n fi í rín ti pè é bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un lójú ìyá rẹ̀ pé: “Má bínú. Ìbéèrè rẹ kò burú, ìdáhùn mi ló burú.”

Ó wojú mi, ó ní: “Nísinsìnyí ńkọ́, sà? Ṣé ó dá yín lójú?”

Mo ní: “Ó dá mi lójú tó láti forí kanlẹ̀. Ohun tí n kò tíì rí, n kò tíì rí i.”

Ó tún béèrè ìyá ìyá rẹ̀. Mo rán an létí pé Sūrah Luqmān pàṣẹ kí a máa fi dáadáa bá òbí gbé, kódà bí ẹ̀sìn wa kò bá dọ́gba. Kó máa lọ kí wọn, kó máa bá wọn gbé omi.

Ó padà wá ní Sátidé, pẹ̀lú ìwé tó kọ ìbéèrè méje sí. Mo ti dáhùn mẹ́rin. Mẹ́ta tó kù, mo ní kó fún mi láyè kí n lọ bi olùkọ́ tèmi. Kò tíì sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ ti dá òun lójú, n kò sì bi í. Ṣùgbọ́n ó ń kírun, ó sì ń béèrè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ tí a bá fi ẹ̀rín lé kúrò nílé-kéú kò ní yéé béèrè. Ibòmíràn ló máa lọ béèrè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè kan lé yín kúrò lórí ìrun. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun gan-an máa ń bẹ Ẹni tó ń yí ọkàn padà pé kó fi ọkàn òun rinlẹ̀ lórí ẹ̀sìn Rẹ̀. Bí òun bá ń tọrọ rẹ̀, ta ni àwa tí a ò ní tọrọ?

Kí Ọlọ́hun fi ẹsẹ̀ wa rinlẹ̀, kó sì jẹ́ kí àmọ̀dájú bá wa lórí ìforíkanlẹ̀. Āmīn. Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.